Imú Páìpù Ẹ̀yìn Oko Àlàájà Khazna

Bí wọ́n bá ń pe àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ láyé yìí, Ẹnjiníà Nawfal kò ní pẹ́ dáhùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó jókòó sí ọ́fíìsì tó tutù nini ní ìlú Karak, kó máa fi kọ̀ǹpútà ti omi tí kò tíì ṣàn gba inú páìpù tí wọn kò tíì rì mọ́lẹ̀. Á tan pọ́ńpù, á pa pọ́ńpù, á mú iná lọ lójijì, á wá fọwọ́ lẹ́rán, á máa wo ohun tí omi yóò ṣe. Omi inú kọ̀ǹpútà gbọ́ràn púpọ̀. Kì í jò, kì í mú aṣọ ẹnikẹ́ni tutù, kì í sì í béèrè ìbéèrè.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ o, ká má purọ́ mọ́ ọn. Omi tí ìlú ń fẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, létí Òkun Iyọ̀, ìlú sì wà lórí òkè. Pọ́ńpù ní láti ti omi náà gun òkè bí ẹni ti ọmọ aláìgbọràn lọ sílé kéwú. Bí pọ́ńpù bá kú lójijì, omi tó ti wà lọ́nà kò mọ̀ pé àṣẹ ti yí padà. Á ṣì máa lọ díẹ̀, á fi òfìfo sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, á yíjú padà, á sáré sọ̀ kalẹ̀, ohunkóhun tó bá pàdé lọ́nà ló máa fi orí sọ. Òòlù omi ni àwọn oníṣẹ́ páìpù ń pè é. Páìpù irin ló ń fọ́ bí ìgò.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi nǹkan kan sórí páìpù níbi tó bá ti gun òkè jù, nǹkan onírin tó rí bí ìkòkò aládé, tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí inú páìpù bá ṣófo, kí omi má baà rí òfìfo tó máa fi sáré. Imú ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Nawfal fi imú kan sórí òkè abúlé Rujm Shih nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó mú iná lọ, ìlà pupa tó ń fi agbára omi hàn lọ sílẹ̀, ó gòkè díẹ̀, ó sùn. Ó tún mú iná lọ, ó tún sùn. Ó ní kí wọ́n tẹ àwòrán ìlà náà jáde ní ńlá, ó kàn án mọ́ ògiri. Nígbà tí Rudayna ìyàwó rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì, ó fi hàn án.

"Kí lèyí?" ni Rudayna béèrè.

"Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Ó dà bí òkè abúlé wa."

Rujm Shih ni wọ́n ti bí Rudayna lóòótọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Nawfal ń lọ síbẹ̀ lọ jẹun nílé ìyá ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Khazna, opó kan tó ní igi ólífì púpọ̀, ewúrẹ́ díẹ̀, àti ẹnu tí kò tíì sí ẹni tó rí òpin rẹ̀. Imú tí mo ń sọ yìí wà lẹ́yìn oko ólífì náà gan-an. Bí ènìyàn bá ju òkúta láti orí ẹní tí Nawfal ń jókòó sí, ó lè ba imú náà. Ṣùgbọ́n Nawfal kò dìde lọ wò ó rí. Ẹni tó ti rí imú nínú kọ̀ǹpútà, kí ló tún kù tó fẹ́ lọ wò lójúkojú?

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kún páìpù náà fún ìdánwò, imú bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Afẹ́fẹ́ tí omi ń lé jáde á máa súfèé láti ìdájí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí wọ́n ń jẹ mansaf, ìrẹsì ẹlẹ́ran àgùntàn, lọ́wọ́, Àlàájà Khazna dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Nawfal, nǹkan tẹ́ ẹ gbìn sẹ́yìn oko mi yẹn ń súfèé."

"Ó ń mí ni, Ìyá."

"Ó ń mí. Ta ló bí i?"

"Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa mí, Ìyá. Bí kò bá mí, ewu wà."

"Ewúrẹ́ mi kan ti sọ oyún nù. Òmíràn ò jẹ́ kí n fún wàrà ẹ̀ mọ́, tó bá ti gbọ́ súfèé báyìí, á ta mí nípàá. Ìyẹn ò ṣe ewu lójú tìrẹ?"

Nawfal gbé ẹran mì. "Á dákẹ́ tó bá yá," ló wí, bí dókítà tó fẹ́ kí aláìsàn máa lọ sílé.

Ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí súfèé. Nawfal fetí sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá, kí ni mo wí fún yín?" Àlàájà Khazna kò fèsì. Ó kàn bu ẹran kún tirẹ̀ ni, ó ní kó jẹun dáadáa, pé ó ti rù. Ìyá ìyàwó tó bá ń bu ẹran fún ni láìfèsì ọ̀rọ̀, ó yẹ kéèyàn bẹ̀rù rẹ̀. Nawfal jẹ ẹran náà.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ iṣẹ́ omi náà wá dé. Ọ̀gá Rakan, olórí ọ́fíìsì wọn, ló ṣètò rẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ ètò ayẹyẹ í ṣe ju bó ṣe mọ omi lọ. Ó pàgọ́ ńlá sí ìsàlẹ̀ àfonífojì lẹ́bàá ilé pọ́ńpù, níbi tí oòrùn ti ń yan ènìyàn bí àkàrà, ó sì kó ẹ̀rọ amúlétutù sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí òógùn má baà bọ́ lójú àwọn ẹni ńlá. Kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó pe Nawfal sí kọ̀rọ̀.

"Bí iná bá lọ lójijì ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó lọ, ọ̀gá. Mo ti mú un lọ títí ó fi sú mi. Bí imú bá ṣáà ti ń mí, kò séwu."

"Àwọn imú wà dáadáa. Mo ti ní kí wọ́n lọ yẹ̀ wọ́n wò."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti sọ fún ẹnìkan pé kó lọ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni yẹn ti sọ fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn yẹn ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè, ó gbójú sókè, ó rí i pé òkè ṣì wà níbẹ̀, ó ní gbogbo nǹkan dára.

Ẹni ńlá tó wá ṣí iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ títí, ó tẹ bọ́tìnnì, pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í hó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ara iná ilé pọ́ńpù ni wọ́n so gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù yẹn mọ́. Nígbà tó yá, ẹni ńlá fi ìwé ètò fẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá Rakan rí i, ó ṣẹ́jú sí ẹnìkan, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù tó kù. Gbogbo nǹkan kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀rọ, makirofóònù, pọ́ńpù.

Nínú àgọ́ tó dákẹ́ rọ́rọ́ yìí, Nawfal nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ sí ọkùnrin tó jókòó tì í. "Ẹ má fòyà. Páìpù náà á mí báyìí."

Páìpù kò mí. Ìró kan wá láti orí òkè, ó gba inú irin sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lábẹ́ ilẹ̀, ife tíì sì ń jó lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà fóònù Nawfal dún. Rudayna ni, ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Nawfal, omi wọlé."

"Ọjọ́ omi yín lòní?"

"Omi wọ pálọ̀, Nawfal. Ó ń gbé bàtà lọ."

Ní Rujm Shih, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni omi ń dé, táǹkì orí òrùlé ni gbogbo ilé sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, omi tí wọ́n ti ń retí láti ọdún mélòó kan wá bá wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Ojú ìdè kan, níbi tí páìpù méjì ti so pọ̀, ló já nísàlẹ̀ oko ólífì, nínú ilẹ̀ Bàbá Nimr tó ń sin oyin. Omi gbé ilé oyin rẹ̀ lọ tòun ti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, ó ti ọkọ̀ rẹ̀ sí kòtò, ó sì gbé òun náà ṣubú, apá rẹ̀ kán. Ọlọ́run ló yọ ẹ̀mí rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Karak ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ọ̀gá Rakan pe Nawfal wọlé, ó nawọ́ sí àwòrán ògiri.

"Ìlà yẹn ló pa wá. O ní iná ì báà lọ."

"Mo ní bí imú bá ń mí, ọ̀gá."

"Èmi ò gbọ́ imú. Iná ni mo gbọ́."

Nawfal padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi olè kàn. Ó mú iná lọ, ìlà sùn bó ṣe máa ń sùn. Ló bá ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó dí imú Rujm Shih pa nínú kọ̀ǹpútà, ó tún mú iná lọ. Ìlà pupa já lulẹ̀, ó nà gbalaja síbẹ̀ bí òkú, lẹ́yìn náà ló fò sókè, ó kọjá etí àwòrán. Ibi tí agbára náà ti pọ̀ jù gan-an ni ojú ìdè tó já lóko Bàbá Nimr. Inú Nawfal dùn débi pé ó fọwọ́ gbá tábìlì. Ìṣirò rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ẹnìkan ló dí imú. Ó kù kó lọ mọ ẹni náà, kó fà á lé ayé lọ́wọ́.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gun òkè náà. Ẹnu imú ti dí pa. Wọ́n ki aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n ki í mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì funfun rẹ́ ẹ lókè, wọ́n fọwọ́ dán an bí ìgbà tí ìyá àgbà ń dán ààrò búrẹ́dì. Ó rí iṣẹ́ ọwọ́ náà, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó fi òkúta fọ́ sìmẹ́ńtì, ó fa aṣọ jáde. Ẹ̀wù ìsùn onílà búlúù ni. Tirẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbàgbé rẹ̀ sílé Àlàájà nígbà ọdún iléyá.

Ó jókòó sórí òkúta, ó gbé ẹ̀wù náà sórí itan. Tó bá sọ̀rọ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó rẹ̀ ni yóò dúró níwájú àwọn ẹbí Bàbá Nimr gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ́ apá ọkùnrin. Tó bá dákẹ́, òun ni ẹnjiníà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ mú omi bo abúlé. Níkẹyìn ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé. Àlàájà Khazna ń sá ẹní tó rin gbingbin. Ó gbé tíì fún un.

"Ìyá, ta ló dí imú yẹn?"

"Imú wo?"

"Ìyá."

Àlàájà na ẹní dáadáa kó tó dáhùn. "Ìwọ lo ní á dákẹ́ tó bá yá. Mo wò ó, kò yá. Mo bá ọ mú ọ̀rọ̀ ẹ ṣẹ."

"Ẹ̀wù mi lẹ fi dí i."

"Ó ti ya lábíyá."

Nawfal mu tíì. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Àlàájà tún bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹní tó ti nà tẹ́lẹ̀. "Ṣé apá Bàbá Nimr á san?" ló béèrè, kò wo ojú rẹ̀. Nawfal ní á san.

Ó padà dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Rakan, ó ní, "Imú ti dí, ọ̀gá. Ìdí nìyẹn."

"Kí ló dí i?"

Nawfal ṣì ń ro ohun tí yóò sọ. Ọ̀gá Rakan náà sì ti ń ronú tirẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ní ènìyàn ló dí i, wọ́n á béèrè ẹni tó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ran Nawfal lọ́wọ́.

"Ṣé oyin wà lórí òkè yẹn?"

"Ó wà."

"Oyin ni. Wọ́n kọ́lé sínú ẹ̀. Ṣé oyin kì í kọ́lé ni?"

Nawfal dákẹ́. Ọ̀gá Rakan gbà pé ó ti gbà. Lọ́jọ́ kejì, rédíò ní àwọn kòkòrò oyin ló ba iṣẹ́ ńlá ìjọba jẹ́, gbogbo ayé sì mí kanlẹ̀, nítorí oyin kò ní agbẹjọ́rò.

Ṣùgbọ́n oyin ní baba. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń sin oyin ní Rujm Shih. Àwọn obìnrin tí táǹkì wọn ti gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lọ́nà pé, "Bàbá Nimr, oyin yín mà lágbára o." Àwọn ọkùnrin ní ó yẹ kí ìjọba pè é lẹ́jọ́. Ọkùnrin tí apá rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, tí gbogbo oyin rẹ̀ ti bómi lọ, òun ló wá di ọ̀daràn. Ó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ òun láti tún páìpù ṣe, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ wá bá òun nílé bí ọmọlúwàbí ṣe ń wá.

Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Ọ̀gá Rakan kó àwọn àgbààgbà jọ, ó mú Nawfal dání, wọ́n lọ. Wọ́n jókòó yí pálọ̀ Bàbá Nimr ká, àwọn ará ilé bu kọfí, wọ́n gbé ife kalẹ̀ níwájú àgbà tó ṣíwájú. Kò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá wá bẹ̀bẹ̀ kì í mu kọfí onílé títí onílé yóò fi gba ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀gá Rakan sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dùn. Ó yin ìdílé Bàbá Nimr, ó yin oyin, ó ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dárúkọ oyin nínú Kùránì, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú kí oyin ẹni fọ́ páìpù.

Bàbá Nimr tẹ́tí sí i títí ó fi parí. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ohun kan ló rú mi lójú. Ìda ni oyin mi fi ń kọ́lé. Lánàá, mo fi apá kan gun òkè lọ wo ẹnu páìpù yín, àfọ́kù sìmẹ́ńtì ló wà níbẹ̀. Oyin ta ni wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì kọ́lé?"

Ọ̀gá Rakan wo Nawfal. Àwọn àgbààgbà wo Nawfal. Ife kọfí ń tutù lọ. Nawfal wo apá Bàbá Nimr nínú báńdéèjì, ìtìjú sì bò ó. Ó dìde dúró.

"Kò sí oyin níbẹ̀. Èmi ni mo dí i."

"Irọ́ ló ń pa."

Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lohùn náà ti wá, níbi tí àwọn obìnrin wà. Àlàájà Khazna jáde wá síwájú gbogbo ọkùnrin, ó fi gèlè bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀.

"Kò mọ sìmẹ́ńtì í pò. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ọmọ mi ló ti ń jẹun nílé mi, kò gbé àwo kan dé ìdí omi rí. Ẹni yẹn ló máa gbé sìmẹ́ńtì gun òkè? Èmi ni. Bàbá Nimr, èmi ni mo dí i. N ò mọ̀ pé ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ nìyí. N ò sùn láti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi." Ó yíjú sí Ọ̀gá Rakan. "Ṣùgbọ́n ìwọ, ta lo bi léèrè kó o tó gbé ohun abẹ̀mí sẹ́yìn oko mi? Nígbà tí mo sì dí i, ta lo rán wá wò ó?"

Ọ̀gá Rakan wo ife kọfí bí ẹni tí ìdáhùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Nimr yíjú sí Àlàájà Khazna. "Kí lẹ fi dí i, Ìyá Rudayna? Ohun tó lè dá omi ìjọba dúró, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀wù ìsùn Nawfal."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà Bàbá Nimr bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń di apá rẹ̀ mú, ó ń ní ó ń dun òun, kò sì lè dáwọ́ dúró. Nígbà tó rí ohùn, ó ní kí wọ́n mu kọfí. Wọ́n mu ún ní tútù. Ó ní òun dárí ji Àlàájà, ṣùgbọ́n igun oko ólífì rẹ̀ ni òun yóò kó ilé oyin tuntun sí títí ilẹ̀ òun yóò fi gbẹ. Ó ní rédíò tó bú oyin gbọ́dọ̀ bẹ oyin. Ó sì ní Nawfal fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí Nawfal rán, ni yóò máa gun òkè lọ wo imú náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nawfal gbà.

Wọ́n tún ojú ìdè ṣe. Wọ́n kọ́ ilé kékeré bo imú, wọ́n fi irin gígùn darí súfèé rẹ̀ sókè, kó má baà dé etí ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dán an wò, kò sí àgọ́, kò sí ẹni ńlá. Nawfal ní kí wọ́n pa iná nísàlẹ̀ nígbà tí òun bá wà lókè. Àlàájà Khazna tẹ̀ lé e lọ, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí òun dí.

Iná kú. Fún ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà imú fa afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú agbára tó fi gba koríko gbígbẹ kúrò nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Irin gbọ̀n. Nawfal ti rí ìlà pupa yẹn níye ìgbà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ó ní òórùn ilẹ̀ tútù. Ó di ọwọ́ Àlàájà mú. Àlàájà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Imú mí jáde díẹ̀díẹ̀, ó súfèé lọ sókè ọ̀run, páìpù sì dúró síbi tó wà.

Ọ̀gá Rakan kò pẹ́ lọ́dọ̀ wọn mọ́. Wọ́n gbé e ga, wọ́n gbé e lọ sí olú-ìlú, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ra. Rédíò kò bẹ oyin. Ní Rujm Shih, omi dé lọ́jọ́ omi, ó lágbára débi pé táǹkì orí òrùlé Àlàájà Khazna kún, ó ṣàn lé aṣọ tí aládùúgbò rẹ̀ sá, àwọn méjèèjì sì ja ìjà náà títí ilẹ̀ fi ṣú.